Ebi Tó Ń Pa Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ

 

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá kan ní àdúgbò wa. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá wọn fínra. Àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n sì ti fa oògùn sí wọn lára lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá wọn, lórí àga. Wọ́n ti rù débi pé ìró tí wọ́n ró fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi ọmọ wọn obìnrin léèrè pé kí ni ìyá jẹ láàárọ̀. Ó ní ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí kò níyọ̀ àti omi gbígbóná. Mo ní ẹ̀kọ ńkọ́? Àmàlà ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ó mirí. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan hàn mí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé wọn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Otto Warburg, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1931 nítorí pé ó rí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ṣúgà ni oúnjẹ jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gba gbogbo ohun dídùn lẹ́nu aláìsàn, tó sì gba ẹ̀kọ, iṣu àti ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti febi pa àìsàn náà nìyẹn.

Ọmọ yìí fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an. Ìfẹ́ ló sì ń mú un febi pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n ó sọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́, nítorí pé ohun tó wà nínú fóònù yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n fi òótọ́ pò ó. Irọ́ tí wọ́n bá fi òótọ́ pò ló máa ń ṣòroó ṣà, bí òkúta wẹ́wẹ́ inú ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò ògì. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ bó ṣe ń rí. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì jẹ́ kó tòrò. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, omi orí rẹ̀, ìyẹn omidùn, á ti kan. Kí ló mú un kan? Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ṣúgà tó wà lára àgbàdo. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán. Wọn á gé ṣúgà náà sí méjì, wọn á gba ìwọ̀nba agbára tó jáde níbi tí wọ́n ti gé e, wọn á sì da ìyókù síta. Ìyókù tí wọ́n dà síta yẹn ló ń kan wá lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní lactic acid. Lẹ́nu tèmi lónìí, omi kíkan ni n ó máa pè é.

Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn náà mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tó kéré jù tí a fi mọ ara ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí. Bí ẹ bá sáré tete lé ọkọ̀ tó fẹ́ já yín sílẹ̀, ọ́síjìn tí ẹ ń mí sínú kò ní lè tó iṣan ẹsẹ̀ yín lò. Iṣan náà á wá máa gé ṣúgà sí méjì bíi ti kòkòrò inú ògì, omi kíkan á sì jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ọ́síjìn pọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe báyẹn. Ńṣe ni wọ́n máa ń jó ṣúgà náà kanlẹ̀, títí á fi ku omi àti afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta. Èrè ọ̀nà méjèèjì yìí jìnnà síra. Ohun kan wà nínú ara tó dà bí owó, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sanwó gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe. ATP ni wọ́n ń pè é. Ṣúgà tí a gé sí méjì lásán ń mú owó méjì péré wọlé. Èyí tí a jó kanlẹ̀ ń mú nǹkan bí 30 wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi méjì àti 30 yìí sọ́kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Jámánì. Otto Warburg kì í ṣe ẹni àròsọ. Ìlú Freiburg ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1883. Emil Warburg, bàbá rẹ̀, gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ físíìsì. Ọmọ náà kọ́ ìmọ̀ kẹ́místrì ní Berlin lọ́dọ̀ Emil Fischer, ó tún lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Heidelberg, ó sì gboyè dókítà lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ọmọ 30 ọdún. Nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ létí òkun ní Naples, ní Ítálì. Ẹ̀dá inú òkun kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀. Warburg kó ẹyin ẹ̀dá náà, ó sì wọn ọ́síjìn tí ẹyin ń lò. Ní 1908 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé ní kété tí àtọ̀ bá ti wọ ẹyin yìí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọmọ, ọ́síjìn tó ń lò máa ń di ìlọ́po mẹ́fà. Èyí ló gbin èrò kan sí i lọ́kàn. Tí ẹyin tó ń dàgbà bá ń mí tó báyìí, a jẹ́ pé jẹjẹrẹ, tí ìdàgbà tirẹ̀ kò ní ìjánu, á máa mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ dúró. Warburg wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì ṣe é léṣe lójú ogun. Ní 1918, Albert Einstein, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, kọ lẹ́tà sí i pé kó padà sídìí ìwádìí, torí ẹlòmíràn lè gba ipò rẹ̀ lójú ogun. Ó padà sí Dahlem, ní Berlin. Nígbà tó fi máa di 1923, jẹjẹrẹ ló gbájú mọ́.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é, nítorí ẹwà ọgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí wú mi lórí. Ó gba kókó jẹjẹrẹ lára eku. Ó fi abẹ gé e pẹlẹbẹ, ó sì tín-ín-rín débi pé kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Kí ló dé tó fi ní láti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀? Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pé tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn kò ní dé àárín rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín á sì máa kú. Ó kó àwọn pẹlẹbẹ yìí sínú ìgò kékeré kan tó gbé sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, tí ẹ̀rọ kan sì ń mì ín jẹ́jẹ́. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ìgò náà, omi sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹran náà bá fa ọ́síjìn, omi inú ọ̀pá á gòkè. Bó bá tú afẹ́fẹ́ síta, omi á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá dúró tì í tó ń wo omi yẹn ń wo èémí ẹran nìyẹn, lójúkorojú.

Ohun tó rí kọ́ ló ń retí. Kókó jẹjẹrẹ náà kò mí ju ẹran ara tó dá ṣáṣá lọ. Ńṣe ló ń jẹ ṣúgà ní àjẹkì, tó sì ń da omi kíkan síta ràì. Ìyẹn gan-an kọ́ ló yani lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ́síjìn pọ̀ nínú ìgò náà. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti jó ṣúgà kanlẹ̀ kó sì gba owó 30. Ó fi 30 sílẹ̀, ó mú méjì. Ó ń kan bí ògì, nígbà tí afẹ́fẹ́ yí i ká.

Ẹnìkan lè sọ pé inú ìgò nìyẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ara tó wà láàyè? Ìbéèrè tó dára ni. Tọkọtaya kan ló dáhùn rẹ̀ ní 1925, Carl Cori àti Gerty Cori, ọmọ ìlú Prague méjèèjì, tí wọ́n ti kó lọ sí Buffalo ní Amẹ́ríkà. Adìyẹ ni wọ́n lò. Irú kókó jẹjẹrẹ kan wà tó ń mú adìyẹ, tí Peyton Rous ti ṣàwárí ní 1911 pé kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Àwọn Cori wá adìyẹ tí kókó yìí wà ní apá rẹ̀ kan, tí apá kejì sì mọ́ láìlábàwọ́n. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé méjèèjì síra. Nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 100 mìlílítà, ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ apá tó ní kókó fi 23 mìlígíráàmù dín sí ti apá kejì, omi kíkan rẹ̀ sì fi 16 mìlígíráàmù lé. Adìyẹ kan, apá méjì, ẹ̀rí kan. Mi ò mọ ìwádìí tó rọrùn láti lóye jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn Cori yìí kan náà ló tún ṣàlàyé ibi tí omi kíkan máa ń gbà lọ. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ọmọ ìyá àdúgbò wa fetí sí jù. Omi kíkan kì í ṣòfò nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì tún un so pọ̀, á tún di ṣúgà. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n fi dá tọkọtaya náà mọ̀ káàkiri ayé, àwọn náà sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Gerty ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn ìmọ̀ ìṣègùn yẹn. Ṣùgbọ́n títún ṣúgà so pọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ATP méjì ni ẹni tó gé e rí gbà. Mẹ́fà ni ẹ̀dọ̀ ń ná láti tún un so. Ẹ wá wò ó báyìí. Kókó jẹjẹrẹ gé ṣúgà, ó jèrè méjì. Ó ti èéfọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ná mẹ́fà, ó tún un ṣe, ó dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Kókó tún mú un, ó tún gé e. Jẹjẹrẹ ń jẹun, ara aláìsàn ló ń san gbèsè. Èyí wà lára ìdí tí ẹni tó ní jẹjẹrẹ fi máa ń rù, kódà nígbà tí kókó náà kò tíì tóbi.

Tí a bá wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ṣúgà kò ní tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi ṣíbí ìrotíì kan lọ, ara kì í sì í gbà kí ó tán, torí ọpọlọ kò lè ṣe láìsí i. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, ẹ̀dọ̀ á yíjú sí ẹran ara. Á máa tú iṣan itan àti iṣan apá, á sì máa sọ wọ́n di ṣúgà. Jẹjẹrẹ á rí tirẹ̀ jẹ. Ìyá ni kò ní lè dìde lórí àga mọ́. Bẹ́ẹ̀, oògùn jẹjẹrẹ ń fẹ́ ara tó lágbára díẹ̀. Aláìsàn tó bá rù kọjá ààlà, àwọn dókítà lè ní láti dín ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n dá a dúró ná. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú jẹjẹrẹ, ti oúnjẹ tirẹ̀ yàtọ̀, kí ó tẹ̀lé ohun tí dókítà rẹ̀ bá sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ kankan tó ní ká gba ẹ̀kọ lẹ́nu ìyá tó ń joro.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Warburg, torí mo ní òótọ́ àti irọ́ ni wọ́n pò nínú fóònù yẹn. Lóòótọ́ ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. Kì í ṣe nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n fún un nítorí pé ó ṣàwárí ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti jẹjẹrẹ, ohun tó fojú rí ló tọ̀nà, àlàyé tó ṣe lé e lórí ló wọ́. Ó ní ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ibi tí ó ti ń jó ṣúgà kanlẹ̀, ló bàjẹ́ pátápátá, pé ìbàjẹ́ yẹn ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ. Ní 1956 ó tẹ èrò yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Sidney Weinhouse ní Amẹ́ríkà dá a lóhùn lọ́dún kan náà pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣì ń mí, ilé ìdáná púpọ̀ nínú wọn kò sì bàjẹ́ rárá. Warburg kò gbà. Ní 1966, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì dúró níwájú àwọn ẹlẹ́bùn Nobel ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lindau, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìyí ohùn padà. Ní 1970 ó kú. Ọ̀rọ̀ Lindau yẹn ni àwọn tó ń ta omi àrà àti àwọn tó ń ní kí aláìsàn máa mu kọ́ń-ún bíbù fi ń ṣe ẹ̀rí títí dòní. Ó dùn mí, torí iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ga ju ohun tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà lọ.

Tó bá jẹ́ pé ilé ìdáná kò bàjẹ́, kí ló wá dé tí jẹjẹrẹ fi ń fi 30 sílẹ̀ tó ń mú méjì? Ìbéèrè yìí sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú àwọn onímọ̀ ti kúrò lára ṣúgà, ó ti lọ sára jíìnì. Ní 2009, Matthew Vander Heiden, Lewis Cantley àti Craig Thompson kọ àlàyé kan tó yí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn padà síbẹ̀. N ó fi pákó ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀, tó bá rí pákó, á fi dáná. Á jó o títí á fi di eérú, torí iná ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé kì í fi pákó dáná. Pákó ni yóò fi kan òrùlé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ṣe alásè, kọ́lékọ́lé ni. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó lè di méjì, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀rá tuntun tó máa fi ṣe awọ, ó gbọ́dọ̀ rí pùrótéènì tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ da gbogbo ìwé àṣẹ inú rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tó ti ń gé ṣúgà ni ó ti ń ya apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn iṣẹ́ yìí. Ìyókù tó bá fẹ́ dí i lọ́nà, ó ń sọ ọ́ síta ní kíá, bí omi kíkan, kí ọ̀nà lè là fún ṣúgà mìíràn tó ń bọ̀. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni yóò máa ṣọ́wó ná fún?

Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń ṣe báyìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, bí ibà bá dé tí wọ́n ní láti pọ̀ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọgbọ́n ilé kíkọ́ tó ti wà nínú ara látọjọ́ aláyé ti dáyé ni. Jẹjẹrẹ kò dá a sílẹ̀. Ó jí i lò ni.

Ta ló wá ń pàṣẹ ilé kíkọ́ náà? Ìdáhùn kan wà tó kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọdé tí egungun àgbọ̀n wọn wú gadagba, tí eyín wọn ń mì. Ní 1958 ó kọ ìwé lé e lórí. Àìsàn náà wọ́pọ̀ ní gbogbo agbègbè tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀, títí kan ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà jù lọ lára ọmọ ènìyàn. Ọjọ́ kan sí méjì péré lè tó fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti di ìlọ́po méjì. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tó fi hàn pé oògùn lè yọ́ kókó yìí dànù, kí ọmọ sì sàn. Ní 1972 wọ́n fún òun, Burkitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbọ́ mi di orúkọ Ngu mú, torí àárín wa níbí ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà.

Ní 1982 ni àwọn onímọ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ wọ̀nyí. Jíìnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MYC. Òun ló dà bí agbaṣẹ́ṣe tó ń kígbe pé ó yá, ẹ máa kọ́lé. Nínú ara tó dá, bí iṣẹ́ bá ti parí, á panu mọ́. Nínú jẹjẹrẹ Burkitt, jíìnì yìí ti já kúrò ní àyè tirẹ̀, ó sì ti lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíìnì mìíràn tí kì í sùn nínú irú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Òun náà kò wá sùn mọ́. Tọ̀sán tòru ló ń kígbe ẹ máa kọ́lé. Kí ni èyí kan ṣúgà? Chi Van Dang ló so méjèèjì pọ̀. Saigon ní Vietnam ni wọ́n bí i sí, ó dé Amẹ́ríkà lọ́mọdé, ó sì di onímọ̀ ní Johns Hopkins ní Baltimore. Ní 1997, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé MYC fúnra rẹ̀ ló ń tan iná ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe omi kíkan. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Burkitt nínú yàrá ìwádìí, wọ́n dín ẹ́ńsáìmù yẹn kù, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì lè dàgbà bó ṣe ń dàgbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí Warburg rí nínú ìgò ní Berlin àti ohun tó ń wú ọmọ lágbọ̀n nílẹ̀ wa pàdé níbẹ̀. Ilé ìdáná kò bàjẹ́. Àṣẹ ló yí padà.

Ebi ṣúgà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí ti ṣe ìṣègùn láǹfààní ní ti pé ó ń tú àṣírí jẹjẹrẹ. Ní 1976, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ṣúgà kan tí wọ́n so ohun tó ń tan ìtànṣán mọ́, tí agbára ìtànṣán náà ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110. Sẹ́ẹ̀lì á gbà á wọlé bíi ṣúgà, ṣùgbọ́n kò ní lè lò ó parí, á há sínú rẹ̀. Wọ́n á fi í sí aláìsàn lára, á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ̀rọ á wá ya àwòrán rẹ̀. Ibi tí ebi pọ̀ sí á máa tàn. Ọpọlọ á tàn, torí alájẹkì ṣúgà ni òun náà, kókó jẹjẹrẹ náà á sì tàn, kódà èyí tó fara pa mọ́ sẹ́yìn egungun. PET ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yìí.

Ti ká fi ebi yìí pa jẹjẹrẹ gan-an ńkọ́, láìpa ẹni tó ní in? Ó ti ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa ṣúgà. Ní 1953, ní New York, John Kidd rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ guinea pig, ẹranko kékeré aláìnírù kan, ń pa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára eku. Wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé ẹ́ńsáìmù kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń tú èròjà asparagine ká nínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dá lè dá asparagine tirẹ̀ ṣe. Sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń mú àwọn ọmọdé kò lè ṣe é tó, rírà ni ó ń rà á nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ti ọjà yẹn pa, òun nìkan lebi ń pa. Oògùn yìí wà lára ìtọ́jú àwọn ọmọ náà títí dòní. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ni wọ́n retí pé yóò ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn lọ́wọ́. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn tó lé ní 3,600 tí kò ní àtọ̀gbẹ, èsì jáde ní 2022, kò dá àìsàn náà dúró. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fi pa mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí.

Ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ ìyá àdúgbò wa, mo bẹ ọmọ wọn pé tí wọ́n bá padà lọ gba oògùn, kó bi nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀, kó má ṣe gba tèmi gbọ́ lásán. Ó bi í. Nọ́ọ̀sì gbé ìyá lé ìwọ̀n, ó wo ohun tí ìwọ̀n sọ, ó sì ní kí wọ́n máa jẹ ohun gbogbo tí wọ́n bá ti lè gbé mì, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, àmàlà, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Nígbà tí mo tún yà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ògì gbígbóná tí wọ́n da wàrà sọ́yà sí wà lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n mu ún dé ìdajì kọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ bò ó. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò o, àwọn máa mu ìyókù tó bá yá.